Ọkọ àti Ìyàwó: Ìgbà Wo Ni Ẹ Jọ Jáde Gbẹ̀yìn?

   

Ní alẹ́ ọjọ́ Àlámísì kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ kéwú ti túká, tọkọtaya kan wọlé tọ̀ wá wá. Ọmọ ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. Inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti mọ ara wọn, àwa náà sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a so yìgì wọn, a jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀. Kò tí ì pé ọdún mẹ́ta. Ìyàwó ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò wá fi ẹjọ́ ebi sùn, nítorí pé ọkọ òun ń gbọ́ bùkátà. Kò na òun rí, kò sì bú òun rí. Ohun tí òun fẹ́ kí a bá òun bi í léèrè ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, bí a bá yọ ilé ìwòsàn àti ibi ìsọmọlórúkọ kúrò, ibo ni ó mú òun dé? Ó ní bí wọ́n bá sì ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ náà, iwájú ni ọkọ yóò wà, òun yóò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti báàgì lọ́wọ́, bí ẹni tí a háyà láti ru ẹrù. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí wa di òní: "Ààfáà, ilé kan náà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Ọkọ dákẹ́ títí. Nígbà tí ó máa fọhùn, ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta òun, ti ẹgbẹ́ ni. Ọjọ́ Àìkú òun, ti ìpàdé àti wàásù ni. Ó ní òun kò lọ sí ilé ọtí, òun kì í bá wọn ta ayò, iṣẹ́ Ọlọ́hun ni òun ń bá kiri. Ó ní kí ni Mùsùlùmí òdodo ń wá ní ìta pẹ̀lú ìyàwó? Ṣé kì í ṣe àwọn tí ayé ti kó sí lórí ni wọ́n ń gbé ìyàwó kiri láti wo òkè àti omi?

Kí a má purọ́, ọ̀rọ̀ náà bá àwa tí wọ́n wá bá wí. Àwa ni a wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń kọ orúkọ arákùnrin yìí sí gbogbo iṣẹ́: ètò ìrìn-àjò ìwàásù, òun ni; ìkówójọ, òun ni; ẹni tí yóò lọ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òun náà ni. A ń yìn ín lójú agbo pé akínkanjú ni. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè ẹni tí ó ń san owó akínkanjú náà nílé. Nítorí náà, ìdáhùn tí a fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a fẹ́ sọ fún gbogbo yín nínú oṣù yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sí ilé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.). Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin ṣe rí, kí ó bi ìyàwó rẹ̀. Al-Aswad, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn sàábé, bi ìyá wa Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) pé kí ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun máa ń ṣe bí ó bá wà nínú ilé. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé Bukhari: iṣẹ́ ilé ni ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe, bí àkókò ìrun bá tó, a jáde lọ kírun. Wọ́n tún gbà á wá pé ó máa ń rán aṣọ rẹ̀, ó sì máa ń tún bàtà rẹ̀ ṣe. A kò ní pẹ́ níbí, nítorí pé gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ èyí ní wàásù ọjọ́ yìgì. Bóyá ẹ ń ṣe é ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìta ni a ń lọ lónìí.

Ìje méjì

Imaamu Abu Daud àti Imaamu Ahmad gbé hadiisi yìí wá láti ẹnu Áíṣà fúnra rẹ̀. Nínú ìrìn-àjò kan ni. Áíṣà kéré nígbà náà, ara rẹ̀ fúyẹ́, kò tí ì sanra. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń lọ pé kí wọ́n máa lọ níwájú. Wọ́n lọ. Nígbà tí ó ku àwọn méjèèjì, ó ní kí Áíṣà wá, kí àwọn sáré ìje. Wọ́n sáré, Áíṣà gba iwájú rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò sọ nǹkan kan, ó gbé e mì. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Áíṣà ti di ẹlẹ́ran ara, ó ti wúwo sí i, ó sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìje. Wọ́n tún jọ wà nínú ìrìn-àjò mìíràn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tún ní kí àwọn ènìyàn máa lọ níwájú, ó tún ní kí Áíṣà wá, kí àwọn sáré. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ni ó gba iwájú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún un pé òun ti gbẹ̀san ti ọjọ́sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré kọjá níbí bí wọ́n ti ń sáré kọjá lórí rẹ̀ ní wàásù. Ta ni ó ń sáré yìí? Ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni. Òun ni ìmísí Ọlọ́hun ń sọ̀ kalẹ̀ fún. Òun ni ó ń ṣe ìdájọ́, òun ni ó ń kó ọmọ ogun jọ, òun ni àwọn ìjòyè ìlú ń rán oníṣẹ́ sí, òun ni tálákà ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ Ọlọ́hun ni ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti bá ìyàwó rẹ̀ ṣeré, ta ni iṣẹ́ Ọlọ́hun wà lọ́rùn rẹ̀ ju òun lọ? Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin alága ìgbìmọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ lẹ́tà ìkésíni, ṣé iṣẹ́ tiyín ni ó wúwo ju tirẹ̀ lọ?

Ẹ tún wò ó. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó rántí? Áíṣà tí ó borí ti gbàgbé. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni kò gbàgbé. Pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ṣeré nínú yanrìn ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, ó ń dúró de ọjọ́ tí ààyè yóò tún yọ. Àwọn ọkọ mìíràn wà tí wọn kò lè sọ ohun kan ṣoṣo tí ó mú ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n rántí gbogbo ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ó rán àwọn ènìyàn síwájú. Èyí ni àwọn tí wọ́n fẹ́ràn àṣehàn kì í rí. Kò sáré pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lójú ọjà, kò ṣe é kí àwọn ènìyàn lè máa wò wọ́n. Ìtìjú àti eré, ó kó àwọn méjèèjì pọ̀. Lónìí, bí àwọn mìíràn bá dé ibi òkè tàbí ibi omi, àwòrán tí wọn yóò fi fóònù yà, tí wọn yóò fi han gbogbo ayé, ni ó gbà wọ́n lọ́kàn. Wọn kò rí òkè, wọn kò rí omi, wọn kò rí ara wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí Áíṣà borí ní ìgbà àkọ́kọ́ ni. Hadiisi kò sọ bẹ́ẹ̀, àwa náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ìje nìkan. Bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá fẹ́ rin ìrìn-àjò, a ṣẹ́ gègé láàrin àwọn ìyàwó rẹ̀ kí ó lè mọ ẹni tí yóò bá a lọ. Kì í ṣe pé ó kó gbogbo wọn sílé kí ó tó gbéra. Bukhari gbé e wá pé bí ilẹ̀ bá ṣú lójú ọ̀nà, a máa gun ràkúnmí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Áíṣà, wọn a sì máa tàkúrọ̀sọ bí wọ́n ti ń lọ. Ní ọjọ́ ọdún kan, àwọn ará Habaṣa ń fi ọ̀kọ̀ àti asà ṣeré nínú mọ́ṣáláṣí. Ó fi aṣọ rẹ̀ bo Áíṣà, Áíṣà gbé ojú lé èjìká rẹ̀, ó ń wòran. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dúró títí ó fi jẹ́ pé Áíṣà ni ó kọ́kọ́ sú. Ìgbà tí Áíṣà sì ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tí ó wá lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n máa ro ti ọmọdébìnrin tí ó fẹ́ràn eré.

Aládùúgbò rẹ̀ kan wà tí ó jẹ́ ará Páṣíà, tí ó mọ ọbẹ̀ sè dáadáa. Ó se ọbẹ̀, ó wá pe Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun nawọ́ sí Áíṣà, ó ní eléyìí ńkọ́? Ọkùnrin náà kò pe Áíṣà mọ́ ọn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun náà kò lọ. Ó tún wá pè é lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó gbà pé kí àwọn méjèèjì máa bọ̀, wọ́n sì dìde, wọ́n ń rọ́ lọ sí ilé rẹ̀. Imaamu Muslim ni ó gbé èyí wá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ jẹ ìpàdé ọdún níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran, tí ẹ kì í bi wọ́n pé ìyàwó wa ńkọ́, ẹ gbọ́ o.

Àwọn kan sì ń tijú kí á rí ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lójú títì. Ọ̀rọ̀ ti Safiyya, ìyàwó Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kan irú wọn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wà nínú ìtikáàfì ní ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan, Safiyya wá kí i ní alẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Safiyya dìde láti máa lọ, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dìde sìn ín. Àwọn ọkùnrin méjì ará Mẹ̀dínà ń kọjá lọ, bí wọ́n ti rí i ni wọ́n yára ẹsẹ̀. Ó pè wọ́n pé kí wọ́n rọra, Safiyya ọmọ Huyay ni. Ó dárúkọ rẹ̀. Kò fojú sílẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Bí ìrìn-àjò bá bàjẹ́

Ẹnì kan lè sọ pé òun ti mú ìyàwó jáde rí, wàhálà ni òun fi rí níbẹ̀. Ọmọ ṣu sára, ó gbàgbé omi sílé, bọ́ọ̀sì bàjẹ́ lọ́nà, òun bínú, ó sunkún, wọ́n sì dákẹ́ sí ara wọn títí wọ́n fi délé. A gbà. Ìrìn-àjò kì í ṣàì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìlẹ̀kẹ̀.

Áíṣà bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun lọ sí ìrìn-àjò, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ já, ó sọnù. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun dá gbogbo èrò dúró kí wọ́n lè wá a. Ibi tí wọ́n dúró sí, kò sí omi níbẹ̀, kò sì sí omi lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ìgbà ìrun ń bọ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kùn, wọ́n lọ bá Abúbákárì pé ṣé ó rí ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe. Abúbákárì wá bá ọmọ rẹ̀, ó bá a wí gidi, ó ń fi ọwọ́ gún un ní ìhà. Áíṣà kò lè mira, nítorí pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti gbórí lé itan rẹ̀, ó ti sùn lọ. Bàbá ìyàwó ni ó bínú. Nínú hadiisi náà, kò sí ọ̀rọ̀ ìbáwí kan ṣoṣo tí ó ti ẹnu ọkọ jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kò sí omi, Ọlọ́hun sọ āyà tí ó fàyè gba táyámọ́ọ̀mù kalẹ̀. Usayd ọmọ Hudayr fi ayọ̀ sọ pé èyí kọ́ ni àkọ́kọ́ nínú oore tí àwọn ará ilé Abúbákárì ti mú bá àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n gbé ràkúnmí tí Áíṣà gùn dìde, ìlẹ̀kẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ronú sí i: aláìsàn tí kò lè fi ọwọ́ kan omi, àgbẹ̀ tí ọ̀dá dá, arìnrìn-àjò tí ó há sí aginjù, gbogbo wọn ni wọ́n ń jẹ nínú oore ìrìn-àjò tí ó bàjẹ́ yẹn. Bí o bá tún dá ìyàwó rẹ lóhùn nítorí fìdà ọmọ tí ó gbàgbé sílé, rántí ìlẹ̀kẹ̀ Áíṣà.

Ó ku arákùnrin wa tí ó ní iṣẹ́ Ọlọ́hun ni òun ń ṣe. Ẹjọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, Bukhari ni ó gbé e wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti fi Salman ará Páṣíà àti Abu Dardaa ṣe ọmọ ìyá ara wọn. Salman lọ kí Abu Dardaa, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ játijàti, kò ṣe ara rẹ̀ lóge. Ó bi í léèrè ohun tí ó dé. Obìnrin náà ní arákùnrin rẹ Abu Dardaa kò ní ohun tí ó ń fi ayé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, kò pariwo, kò sọ pé ọkọ òun burú. Nígbà tí Abu Dardaa dé, ó gbé oúnjẹ wá, ó ní òun ń gba àwẹ̀. Salman kọ̀, ó ní àfi bí wọ́n bá jọ jẹun. Ní alẹ́, ó fẹ́ dìde kírun, Salman ní kí ó sùn, ó di ìgbà ìkẹyìn òru kí ó tó gbà kí wọ́n jọ dìde. Ó wá sọ fún un pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́, kí ó fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó ní òótọ́ ni Salman sọ.

Ẹ kíyè sí i pé àwẹ̀ àti ìrun ni Abu Dardaa fi ń jẹ ẹ̀tọ́ ìyàwó rẹ̀. Kò lọ sí ilé ọtí náà.

Ibo ni a máa lọ?

Ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀lé e ni pé owó dà? Ẹni tí kò lówó, kí ó rántí pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò dá ìrìn-àjò sílẹ̀ nítorí ìje. Ìrìn-àjò tí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni ó yọ ààyè nínú rẹ̀. Bí ẹ bá jọ ń ti ibi ìsọmọlórúkọ bọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan sẹ́yìn, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn délé, kí ọkọ gbé ọmọ. Lẹ́yìn ìrun Ásárì, ẹ jọ lọ ra àgbàdo sísun. Ẹ má ṣe mú ẹnì kẹta lọ́wọ́, yálà ọ̀rẹ́ tàbí fóònù.

Ẹni tí Ọlọ́hun bá fún ní díẹ̀ sí i, ilẹ̀ wa kò ṣàìní ibi tí ènìyàn lè wo iṣẹ́ Ọlọ́hun. Nínú Súratul Gáṣíyà, Ọlọ́hun ń bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá a kò wo ràkúnmí, sánmà, àwọn òkè àti ilẹ̀, bí a ti dá wọn. Olúmọ ń bẹ ní Abẹ́òkúta, òkè Sóbi ń bẹ ní Ìlọrin. Ní Ìkógosí ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan àti omi tútù kan ń sun lẹ́bàá ara wọn, wọ́n sì pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìgbéyàwó kò nílò kí a túmọ̀ èyí fún un.

Àwa àti ìyàwó wa lọ sí ibi omi tí ó ń dà láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, èyí tí wọ́n ń pè ní Olúmirin, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti Ìbàdàn ni a ti gbéra lẹ́yìn ìrun Súbùhì, ìyàwó wa gbé ìrẹsì sínú kúlà, a wọ bọ́ọ̀sì dé Iléṣà, a tún wọ òmíràn ní ọ̀nà Àkúrẹ́. Ìpele méje ni wọ́n ní omi náà ní bí ó ti ń bọ̀ láti òkè. Ìpele kìíní rọrùn. Láti ibẹ̀ lọ ni òkè náà dìde dúró. Àwa tí a ti ń jókòó kọ́ni láti ọdún pípẹ́, orúnkún wa ti gbàgbé òkè. Ìyàwó wa tí a rò pé yóò máa di ọwọ́ wa mú ni ó kọ́kọ́ dé ìpele kejì, ó jókòó lórí àpáta, ó ń wò wá nísàlẹ̀. Ó ní, "Ààfáà, ṣé kí n wá fà yín ni?" A kò tí ì gbẹ̀san rẹ̀ di òní.

Ibẹ̀ ni a ti ṣe àlùwàlá, a kí ìrun ọ̀sán ní rakah méjì méjì nítorí pé arìnrìn-àjò ni wá, ariwo omi sì ń dún létí wa. Ibẹ̀ náà ni ìyàwó wa ti sọ nǹkan kan fún wa nípa iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin, nínú yàrá kan náà! A bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ nílé. Ó ní nílé, ìwé ni ó máa ń wà níwájú wa.

Ohun díẹ̀ ni a fẹ́ fi kìlọ̀ níbí. Irú ibi báwọ̀nyí, àwọn mìíràn ń bọ wọ́n, wọ́n ń ṣọdún fún wọn, àwọn mìíràn sì ń bu omi wọn lọ sílé pé ó ń wo àìsàn. Omi ni omi. Ẹni tí ó dá a ni kí á yìn. Ẹ má lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣọdún rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tí ó bo ara tí ó sì ṣe é gun òkè. Bàtà gíga kì í ṣe ti àpáta. Ẹ kà àdúà ìrìn-àjò bí ẹ bá wọ ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìrun kankan kọjá nítorí eré. Ẹni tí kò mọ omi lúwẹ̀ẹ́, kí ó dúró sétí omi.

Ẹ̀yin arábìnrin, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín náà. Ọkọ mìíràn ti pè yín títí ó ti sú u: lónìí ó rẹ̀ yín, lọ́la aṣọ tí ẹ máa wọ̀ kò sí, lọ́tùn-únla ẹ ní kí ó kó owó náà wá kí ẹ fi ra ìkòkò. Nígbà tí wọ́n ní kí Áíṣà wá sáré, ó ti sanra, ara ti wúwo, síbẹ̀ ó sáré. Bí ẹ bá sì jáde, ẹ má ṣe sọ ojú ọ̀nà di ilé ẹjọ́ tí ẹ ó ti máa ka ẹ̀sùn ìyá ọkọ láti ilé títí dé orí òkè.

Ẹ̀yin àpọ́n àti ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń rẹ́rìn-ín bí ẹ ti ń ka èyí, ọ̀rọ̀ yìí kò tí ì kàn yín. Ẹ má mú ìwé ìròyìn yìí lọ fi bẹ ọmọ ọlọ́mọ pé Ààfáà ní kí ẹ jọ lọ wo omi. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún ọkùnrin láti dá wà pẹ̀lú obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀. Ẹ so yìgì ná. Òkè kò ní sá lọ.

Ní alẹ́ Àlámísì náà, a bẹ arákùnrin náà fún ẹ̀ṣẹ̀ tiwa, a sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ méjì. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. A ní kí ó mú ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù, kí ó fi sílẹ̀ fún ará ilé rẹ̀, kí ẹgbẹ́ má sì ṣe ránṣẹ́ pè é ní ọjọ́ náà, bí ó ti wù kí ètò náà tóbi tó. Oṣù àkọ́kọ́, ó ní òjò rọ̀. Oṣù kejì, wọ́n lọ sí Ìkógosí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n yà sí ọ̀dọ̀ wa, ọmọ wà léjìká bàbá rẹ̀, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n rà lójú ọ̀nà wá fún wa. Ọkọ ni ó ń ròyìn, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀: bí omi méjèèjì ti rí, bí ọmọ ṣe kọ̀ láti kúrò nínú èyí tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tí ó jáde lọ ṣe àlùwàlá, a yíjú sí ìyàwó, a bi í pé báwo ni nísinsìnyí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ààfáà, ẹ̀ẹ̀kan ni a ṣì lọ. Ẹ jẹ́ kí n wo oṣù tó ń bọ̀ ná."